Aṣọ Tí Kò Tíì Rìn

"Ẹ mú ẹnikẹ́ni wá síwájú mi," Hàbíbàt ní, ó fọwọ́ sọ àyà. "Kó má la ẹnu rárá. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ni màá bi léèrè. Aṣọ á sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún mi, á sọ irú ilé tó ti jáde, á tún sọ bóyá ó jẹun kó tó jáde. Ọjọ́ tí mo bá ṣi ẹnìkan ṣoṣo mọ̀, kí wọ́n gba ojú-ewé mi lọ́wọ́ mi, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn!"

Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ yẹn mú, ẹ fi í síbi tí ọwọ́ yín ti lè tètè tó o, nítorí pé a máa tó lò ó.

Olóòtú ojú-ewé oge ni Hàbíbàt nínú ìwé ìròyìn Ojú Etíkun, tó máa ń jáde ní Sátidé-Sátidé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wọn wà ní Àpápá, fèrèsé rẹ̀ sì dojú kọ Creek Road, níbi tí àwọn tírélà ti máa ń tò gbọọrọ bí àwọn tó ń dúró de ìdájọ́. Tega, onífọ́tò ilé iṣẹ́ wọn, ló ń fọ́nnu fún. Ẹ̀pà ni Tega ń jẹ ní tiẹ̀.

"Ó dáa, Madam Aṣọ-ń-sọ̀rọ̀," Tega ní, ó na ìka sí ìta. "Oya, wo ìsàlẹ̀. Ta nìyẹn?"

Hàbíbàt wo ìsàlẹ̀.

Ọkùnrin kan ló ń bọ̀ láàárín tírélà méjì. Káfútáánì funfun ló wọ̀, funfun báláú. Ní àdúgbò tí èéfín ti sọ ewé igi di dúdú, ọkùnrin yìí ń bọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ láti inú ìkúùkù. Kò sáré, kò sì fà. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó gbé apá sókè, ó wo abẹ́ apá. Ó tún rìn, ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó mí kanlẹ̀. Awakọ̀ kan tó ti ń bú ẹnìkejì rẹ̀ láti àárọ̀ gbàgbé èébú sẹ́nu.

Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ Tega. Hàbíbàt ò mú nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè bọ́, àfi ọkàn rẹ̀.

"Lọ́yà ni," ó ní. "Lọ́yà àgbà. Ṣé o ò rí bó ṣe ń yẹ ara rẹ̀ wò? Ilé ẹjọ́ gíga ló ń lọ."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ́yà wa tún kọjá. Kóòtù dúdú àti táì pupa ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ó ní ọkọ̀ ojú omi," Hàbíbàt ní.

"Lọ́yà ọjọ́sí ńkọ́?"

"Òun náà ni. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe méjèèjì."

Ìgbà tó tún fi adìrẹ kọjá, ó di ọmọ ọba. Ìgbà tó fi dàńṣíkí olówùú kọjá, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Tega ní kí wọ́n kúkú fi ọkùnrin náà jẹ gómìnà, kó fi bẹ́ẹ̀ sinmi.

Àmọ́ ẹ̀rín ló wà lẹ́nu Hàbíbàt, nǹkan mìíràn ló wà nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jí àga ara rẹ̀ gbé. Tíì rẹ̀ á tutù, kò ní mọ̀. Ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ò bá kọjá, gbogbo àwọ̀ inú fọ́tò tó ń tò sójú-ewé a máa rí bí eérú. Á gbé orí lé ọwọ́, á máa wo òpópónà, àwọn tírélà á sì máa wò ó padà.

Ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó rí i tó ń bọ̀ lókèèrè, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́nu géètì, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra omi. Ewoma ló ń ta omi níbẹ̀, obìnrin Urhobo kan láti Boundary ní Ajégúnlẹ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í bínú.

Ọkùnrin náà dé. Léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run ló wọ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni táyà tírélà kan já sínú kòtò omi ẹrẹ̀ tó wà lẹ́bàá wọn.

Ẹ̀yin náà ti ń retí kí ọkùnrin fi ara rẹ̀ dí obìnrin, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é. Rárá o! Ọkùnrin yìí fò, ó fi ara pamọ́ sẹ́yìn Hàbíbàt, ó di í mú léjìká méjèèjì bí ẹni di ilẹ̀kùn mú. Ẹrẹ̀ dà. Gbogbo rẹ̀ pátá, ara olóòtú oge ló dà sí.

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bínú," ó ní látẹ̀yìn rẹ̀. "Aṣọ yìí ò gbọdọ̀ kan ẹrẹ̀."

"Tèmi ńkọ́? Tèmi ló gbọdọ̀ kàn án?"

Ó yọjú síwájú. Wọ́n wo ara wọn. Ẹrẹ̀ ń ro tótó ní imú Hàbíbàt. Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà, ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Bí Hàbíbàt ṣe fẹ́ bínú báyìí, ẹ̀rín gbá òun náà mú.

"Tàófíìkì lorúkọ mi," ó ní, ó na áńkáṣíìfù sí i.

"Hàbíbàt."

"Hàbíbàt. Àyànfẹ́ nìyẹn lédè Lárúbáwá. Ta ló ti yàn yín?"

"Kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n yàn. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Ọ̀gbẹ́ni Tàófíìkì?"

"Mò ń rìn."

"Ìrìn ni iṣẹ́ yín?"

"Òun ló ń parí iṣẹ́ mi, mọ̀dáàmù. Ṣé ẹ rí i, iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an..."

"Ẹ má sọ!" Hàbíbàt nawọ́ dá a dúró. Ó ti rí píìnì kan tó há sí etí apá aṣọ rẹ̀, ó rò pé báàjì ẹgbẹ́ àwọn olówó ni. Ó rí òwú funfun kan lọ́rùn rẹ̀, ó ní oge tuntun nìyẹn. "Ẹ má ṣe ìyọnu. Mo ti mọ̀. Èmi ni wọ́n ń bi léèrè."

"Bọ̀dá Tàófíìkì," Ewoma ní láti ẹ̀yìn kúlà omi rẹ̀. "Búláùsì mi ńkọ́?"

"Sátidé, Auntie Ewoma."

Ó mà láàánú o, Hàbíbàt ń sọ nínú ara rẹ̀. Olówó tó ń fún àwọn olómi láṣọ!

Látọjọ́ náà, Tàófíìkì ò kọjá mọ́, ó ń yà ni. Wọ́n á jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù. Á bá a ṣa fúrúùtù tó pọ́n, á fi áńkáṣíìfù nù ún kó tó gbé e fún un. Hàbíbàt á sọ nípa àwọn tó ń wá sójú-ewé rẹ̀, tí wọ́n ń fa ikùn sínú bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, títí ẹ̀rín á fi jẹ́ kí Tàófíìkì di ìdí igi mú. Nígbà mìíràn, fèrè ọkọ̀ ojú omi á dún lápá èbúté, àwọn méjèèjì á gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì gbé e kúrò lójú ara wọn kíá.

Ó ń wu Tàófíìkì kó sọ òótọ́. Lójoojúmọ́ ló ń múra rẹ̀. Àmọ́ bí Hàbíbàt bá ti gbójú lé e, tí ojú yẹn ń tàn, kò mọ èyí tí ojú ń tàn sí, aṣọ ni àbí òun. Á ní, ọ̀la ni màá sọ ọ́. Ọ̀la télọ̀ sì rèé, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Bẹ́ẹ̀ ni o. Télọ̀ ni.

Bàbá Hàbíbàt, Alhaji Tájù, ní ètò tirẹ̀. Ọmọ Ṣakí ni, tírélà rẹ̀ pọ̀ ní Creek Road, síbẹ̀ kò kúrò nínú ilé rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀.

"Yasir, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ń bọ̀ wá kí wa ní Sọ́ńdè tó máa tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀ yìí," ó ní fún ọmọ rẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni. Ó ti fi fọ́tò mọ̀ ẹ́, ó ní òun fẹ́ wá fi ẹnu ara òun tọrọ rẹ."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ronú."

"Àtìgbà tí o ti ń kọ̀wé lo ti ń ronú. Orí tèmi ni ìrònú rẹ ti ń hu ewú."

Hàbíbàt pinnu pé òun á fi Tàófíìkì han bàbá òun. Ọ̀nà wo ni olóòtú ìwé ìròyìn máa gbà fi èèyàn hàn? Tega ti ya fọ́tò ọkùnrin náà láti ojú fèrèsé, nínú agbádá etù kan tó dúdú bí òru òkun, tí iṣẹ́ ọwọ́ ọrùn rẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ bí omi. Hàbíbàt ò bi Tàófíìkì léèrè. Ó fẹ́ kó bá a lójijì. Ní Sátidé, ojú-ewé oge jáde:

"A ti mọ ènìyàn tí aṣọ wù. Ní Creek Road, mo rí ènìyàn tó wu aṣọ. Ọ̀gbẹ́ni Tàófíìkì, gbajúmọ̀ oníṣòwò orí òkun, ni wọ́n dá agbádá yìí fún. Bí ẹlòmíràn bá wọ̀ ọ́, aṣọ náà á sọkún."

Ó bá a lójijì lóòótọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Hàbíbàt fi àtíkè sójú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lábẹ́ igi. Tàófíìkì ò wá. Ní Túsídè, kò wá. Nígbà tó yá, kò fi àtíkè mọ́, ó kàn ń dúró. Fúrúùtù ń já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣà á.

"Bọ̀dá Tàófíìkì lẹ ń retí?" Ewoma ní. "Kò lè wá. Wọ́n ti kó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ gbẹ."

"Àwọn olè?"

"Àwọn oníbàárà ẹ̀. Ẹni tó ni agbádá yẹn rí i nínú pépà yín. Aṣọ tó fẹ́ fi lọ tọrọ ìyàwó, ó wà lọ́rùn télọ̀! Ló bá lọ figbe ta ní Boundary. Àwọn tó kù bá wo ara wọn, wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé tiwọn náà ló ń wọ̀ kiri. Kálukú lọ gba aṣọ ẹ̀."

"Télọ̀?" Hàbíbàt ní.

"Télọ̀ now. Ṣé ẹ ò gbọ́ bí mo ṣe ń béèrè búláùsì mi?"

Hàbíbàt wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Boundary. Ó rìn láàárín àwọn ìsọ̀, ó ń wo ojú gbogbo ọkùnrin. Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan tí kò sí aṣọ kankan nínú rẹ̀ àfi búláùsì kan ṣoṣo tó sorọ̀ láìní apá. Ọkùnrin kan jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti pọ́n. Ó kọjá. Ó dé ìkóríta, ó padà, ó tún kọjá.

"Ẹ ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì," ọkùnrin náà ní.

Ẹ wá rántí ohun tí mo ní kí ẹ bá mi di mú. Obìnrin tí aṣọ ń bá sọ̀rọ̀! Aṣọ ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ló bá fọ́ lójú.

"Ẹ̀yin... kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ ní kí n má sọ, pé ẹ ti mọ̀." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ìsẹ́yìn ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Bàbá Àjàmú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé aṣọ tí kò tíì rìn, kò tíì tán. Aṣọ tó sorọ̀ lè parọ́, aṣọ tó wà lára ẹni tó ń rìn ò lè parọ́. Mo máa ń rìn ín dé Creek Road, màá rí ibi tó ń fà àti ibi tó ń wú, màá padà wá tún un ṣe, màá lọ̀ ọ́. Mi ò fi ti ẹnikẹ́ni jáde òde rí. Nísinsìnyí, ta ló máa gbà mí gbọ́?"

"Tàófíìkì..."

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Lójú fèrèsé yẹn, ta lẹ máa ń retí? Ṣé èmi ni, àbí aṣọ àwọn oníbàárà mi?"

Tàófíìkì mú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú sí i. Òwú ò wọlé. Hàbíbàt rí i pé òwú kọ̀, ìyẹn ló mú lọ sílé.

Sọ́ńdè pé. Alhaji Tájù ti fi òróró pa irùngbọ̀n. Yasir wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ọkùnrin dúdú tó dúró dáadáa. Agbádá etù ló wọ̀. Ó dúdú bí òru òkun, iṣẹ́ ọwọ́ ọrùn rẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ bí omi.

Áà! Hàbíbàt di apá àga mú.

Yasir kí bàbá, ó jókòó, ó kọjú sí Hàbíbàt. "Èmi ni mo lọ figbe ta ní Boundary. Inú bí mi. Nígbà tí inú mi rọ̀, mo tún pépà yẹn kà, mo wá rí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ nísàlẹ̀. Mo ní, ṣé Hàbíbàt ọmọ Alhaji Tájù kọ́ nìyí? Ẹ kọ ọ́ pé bí ẹlòmíràn bá wọ aṣọ yìí, aṣọ náà á sọkún. Mo ti wọ̀ ọ́ látàárọ̀, mo ń fetí sílẹ̀. Aṣọ ò sọkún o. Ẹ̀yin lẹ ń sọkún."

Hàbíbàt fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Omi ni.

Yasir dìde, ó bọ́ agbádá náà, ó ká a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé e lé orí àga. Ó ku búbá nìkan lọ́rùn rẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Mi ò lè fẹ́ ẹni tó ń fi aṣọ ọrùn mi rántí ẹlòmíràn."

"Ta ni ẹlòmíràn?" Alhaji ké.

"Télọ̀ mi ni, sà. Ọmọ dáadáa ni òun náà. Èmi ni mo bà á lórúkọ jẹ́."

Nígbà tí Yasir lọ tán, ilé gbóná. "Télọ̀! Ọkùnrin tí aṣọ ọrùn rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀! Bó bá kú lónìí, oníbàárà á wá bọ́ ẹ̀wù lára òkú! Kò ní fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilé mi!"

Hàbíbàt ò jiyàn. Ó lọ síbi iṣẹ́, ó jókòó, ó kọ ọ̀rọ̀ kan, kò fi ọ̀ṣọ́ kankan sí i. Ó ní ọkùnrin tí òun pè ní oníṣòwò kì í ṣe oníṣòwò, télọ̀ Boundary ni. Pé òun ò bi í léèrè kí òun tó gbé e jáde. Ó ṣàlàyé ohun tí ìrìn wà fún, ó kọ ọ̀rọ̀ Bàbá Àjàmú síbẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Ó wá fi kún un: "Ojú mi ló jẹ̀bi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

Ó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ rántí ohun tí mo sọ, sà, nípa ọjọ́ tí mo bá ṣi ẹnìkan mọ̀."

"Mo rántí," ọ̀gá ní. Ó gba ojú-ewé oge, ó gbé e fún Tega! Tega tí kò ní ju jíǹsì kan lọ! Hàbíbàt wá di ẹni tó ń kọ ọkọ̀ tó wọ èbúté àti ọkọ̀ tó jáde. Ọkọ̀ dé, ọkọ̀ lọ. Ẹni tó ń retí ò dé, kò sì lọ kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Àwọn tó kó aṣọ wọn ní Boundary ka ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n tún kó o padà wá. "Télọ̀, ẹ bá mi rin tèmi náà! Ẹ má sáré rìn ín o, owó mi ni mo fi rà á!" Àwọn télọ̀ yòókù gbọ́, wọ́n ní kí ló dé, àwọn náà lẹ́sẹ̀. Kò pẹ́, Creek Road kún fún télọ̀ tó wọ oríṣiríṣi aṣọ, tí wọ́n ń gbé apá sókè láàárín tírélà. Awakọ̀ kan rò pé òǹdìje ìbò ló ń jáde.

Gbogbo télọ̀ Ajégúnlẹ̀ ló ń kọjá lábẹ́ fèrèsé Hàbíbàt. Ẹni tó kọ́ wọn nìkan ni kò kọjá. Tàófíìkì ti ka ọ̀rọ̀ náà títí pépà fi ya níbi tó ti ká a. Síbẹ̀, bó bá ti ń rìn dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí Àpápá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró. Á wo apá ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á sì padà. Ewoma á bá a pàdé lọ́nà.

"Búláùsì mi."

"Sátidé, Auntie Ewoma."

Nílé Alhaji Tájù, agbádá Yasir ṣì wà lórí àga. Yasir ò ránṣẹ́ wá mú un. Láràárọ̀ ni Alhaji ń kọjá lára rẹ̀, tó ń pòṣé. Lọ́jọ́ kan ó gbé e wò. Ó yí inú rẹ̀ síta. Inú rẹ̀ mọ́ bí ìta rẹ̀. Ó pòṣé, àmọ́ òṣé náà ò dún dáadáa.

Bí bàbá àgbà oníkùn ńlá kan ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù Tàófíìkì nìyẹn, pẹ̀lú aṣọ nínú náílọ́ọ̀nù, láìsọ orúkọ.

Aṣọ tán. Alhaji wọ̀ ọ́. "Ó kù kó rìn, àbí? Bí wọ́n ṣe ní ò ń ṣe nìyẹn."

"Bàbá, ikùn yín ju tèmi lọ. Bí mo bá wọ̀ ọ́, àgọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rìn ín, èmi á máa tẹ̀ lé yín."

Wọ́n jáde. Bàbá ń lọ níwájú nínú aṣọ aláwọ̀ wúrà tó ń tàn yanranyanran, Tàófíìkì ń tẹ̀ lé e nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tó ti ṣá, téèpù lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó dúró.

"Ẹ jẹ́ ká padà, bàbá."

"Creek Road ni wọ́n ní aṣọ ń dé."

"Ojú kan wà lójú fèrèsé níbẹ̀. Mi ò lè fi aṣọ ẹlẹ́ni kọjá níwájú rẹ̀ mọ́."

"Kí ló wá dé tí ìwọ ò rán tìrẹ?"

Tàófíìkì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Aṣọ ń fẹ́ ibi tí a máa wọ̀ ọ́ lọ, bàbá. Mi ò ní ibì kan tó ń retí mi."

Alhaji gbé ọwọ́ sẹ́nu bí ẹni tó ń nu irùngbọ̀n. "Máa bọ̀," ó ní. "Aṣọ mi á dé Creek Road."

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Hàbíbàt ń kọ ọkọ̀ tó jáde. Tega ní, "Madam, wo ìsàlẹ̀. Wo aṣọ!" Hàbíbàt wo ìsàlẹ̀, pẹ́ńsù bọ́. Ó já àtẹ̀gùn bọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí iná ń lé.

"Tàófíìkì!"

Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgbà yẹn ló tó rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Yé! Bàbá mi!"

"Bàbá yín?" Tàófíìkì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí aṣọ tó ń bẹ̀rù pé kó má dọ̀tí.

"Mi ò rí i," Hàbíbàt ń sọ, omijé ń dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. "Ẹ gbọ́, mi ò rí bàbá mi. Wọ́n wọ wúrà, wọ́n ń tàn bí oòrùn, mi ò rí wọn. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo rí. Ẹ̀yin ni mo rí."

Tàófíìkì gbójú sókè láti ilẹ̀. "Hàbíbàt. Àyànfẹ́. Ta ló yàn yín?"

"Ẹni tó fi mí dí ẹrẹ̀."

Alhaji Tájù wo ọ̀kan, ó wo ìkejì, ó wo aṣọ ọrùn ara rẹ̀ tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ ò rí. Ó tún pòṣé. "Dìde nílẹ̀. Ibi tí o máa wọ̀ ọ́ lọ ti dé. Ilé mi ni. Lọ rán aṣọ."

Àgbàlá Alhaji ni wọ́n ti so yìgì, ní Ajégúnlẹ̀. Yasir wọ agbádá etù rẹ̀, tí Alhaji ti fi ránṣẹ́ sí i, wá, ó sì yẹ ẹ́ gidi. Ojú Etíkun ti dá ojú-ewé oge padà fún Hàbíbàt, torí pé jẹ́sì bọ́ọ̀lù ni Tega ń gbé síbẹ̀ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Tàófíìkì jáde nínú aṣọ àkọ́kọ́ tó rán fún ara rẹ̀ rí láyé, funfun, kò ní iṣẹ́ ọnà kankan. Hàbíbàt wò ó títí, ẹnu rẹ̀ tó máa ń ka aṣọ ò ka nǹkan kan. Ó kàn fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sínú tirẹ̀ lábẹ́ ìborùn, ó fún un, ọkọ rẹ̀ náà sì fún tirẹ̀ padà.

Àfáà ṣe àdúà tán, ó gbé ojú sókè. "Àwọn ọmọ yìí," ó ní, "aṣọ wọn ti rìn. Ó ti tán." Alhaji Tájù fi etí agbádá nu ojú. Yasir yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tega gbàgbé láti ya fọ́tò. Gbogbo àgbàlá pa lọ́lọ́, kò sí ohun tó ń dún àfi fèrè ọkọ̀ kan lọ́nà jíjìn lápá èbúté.

Ewoma dìde láti ẹ̀yìn.

"Bọ̀dá Tàófíìkì," ó ní, "òní ni Sátidé."